Òkè Tí A Kàn Ń Gùn

Kí n tó kúrò nílé, ohun tí mo mọ̀ pé ó ń gbé èèyàn gun òkè kò pọ̀: igi ìdáná, oko, àdúrà. Ẹni tó bá gùn ún láìsí ọ̀kan nínú wọn, a jẹ́ pé wọ́n ń lé e ni. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí. Tíṣà jọ́gíráfì sì ni mí, kí ẹ má bàa fojú òpè wò mí. Mo ti ya òkè sójú pátákó títí ọwọ́ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, mo fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ilẹ̀ kùn ún, mo ní kí àwọn ọmọ dà á kọ. Ṣùgbọ́n kí n fi ẹsẹ̀ ara mi gun ọ̀kan? Kí ló lé mi débẹ̀?

Ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, wá jókòó lé gbogbo wa lórí, tí owó oṣù tíṣà di ohun tí à ń gbúròó bí ẹni ń gbúròó ọ̀rẹ́ tó ti kó lọ sí ìlú mìíràn, èmi náà di ẹrù mi. Bí mo ṣe rìn ín kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ti lọ rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì lọ, kí n má bàa là á lójú.

Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú tí mo bá ara mi wà. Òkúta dúdú ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀, òkè sì yí i ká, àfi bí ìgbà tí èèyàn jókòó sínú ìkòkò. Gbogbo ayé ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi, nítorí náà òtútù kò bá mi lójijì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo jáde, mo kí obìnrin tó ń gbé nínú ilé kejì. Mo bi í bóyá ó sùn dáadáa, bóyá ara àwọn ará ilé le, báwo ni iṣẹ́. Ó dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí bóyá nǹkan mi kan ló sọnù.

Nígbà tó di Sátidé, mo rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sílé. Àwọn èèyàn ń rọ́ jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tọkùnrin tobìnrin, àwọn arúgbó wà lára wọn. Gbogbo wọn ló gbé ẹrù ńlá kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n wọ bàtà bíi ti ṣọ́jà, wọ́n mú ọ̀pá dání, wọ́n sì kọrí sí òkè. Àyà mi já. Ogun ti bẹ́! Mo sáré padà sí yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo tan rédíò kí n lè mọ ẹni tó ń lé wọn. Orin ìfẹ́ ni rédíò ń kọ.

Ilé ìfọṣọ ọsibítù kan ni mo ti ríṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ ibùsùn, ẹ̀rọ ló ń mú un gbẹ. Èmi ni mo wà láàárín wọn, tí mò ń kó aṣọ láti ẹnu ọ̀kan sí ẹnu èkejì bí ẹni tó ń bọ́ ìbejì. Ariwo ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo lè fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ kí n má tíì la ẹnu, àfi láti yán.

Mo sọ fún àwọn ará ilé pé ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ sì ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí màmá mi ti ń ta ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn, mo ti di dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí irú rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀. Èmi kì í purọ́ fún wọn. Ilé ló máa ń gba ọ̀rọ̀ mi, tí wọ́n á wẹ̀ fún un, tí wọ́n á kùn ún látíkè, tí wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ ọdún.

Dẹ́rẹ́ẹ̀kì ni orúkọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó aṣọ náà. Ọkùnrin gígùn gbọọrọ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí epo. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ìlú náà tó bi mí ní ìbéèrè tí kì í ṣe ti iṣẹ́.

"Kí lo máa ń ṣe ní Sátidé?"

"Mo máa ń sùn."

"Jẹ́ ká jọ lọ sórí òkè."

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

Ó wò mí. "Lọ́dọ̀ ta ni, báwo?"

Mo rò pé kò fẹ́ sọ ni, pé bóyá àna rẹ̀ ló ń gbé níbẹ̀. Kí ni èmi ọmọ Ọ̀yọ́ tó mọ ìwà wá ṣe? Ní Sátidé, mo wọ kóòtù, mo de táì, mo fi pólíìṣì kun bàtà tí mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ra bísíkíìtì páálí kan tó dára dání, nítorí a kì í lọ kí èèyàn ní ọwọ́ òfo. Dẹ́rẹ́ẹ̀kì wo táì mi, ó wo páálí bísíkíìtì, ó gbé ojú sọ́run. Ó ní ká máa lọ. Òun náà mọ ìwà tirẹ̀.

A gùn ún títí. Bàtà mi ń yọ̀, táì mi ń fún mi lọ́rùn, mo ń wo iwájú bóyá n ó rí òrùlé. A kọjá odi òkúta, a kọjá omi tó ń sáré, a dé góńgó. Àgùntàn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jókòó bí Baálẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó ń wò mí.

"A ti dé," Dẹ́rẹ́ẹ̀kì wí.

"Àwọn onílé ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó dùbúlẹ̀ sórí koríko. Nígbà tó dìde, ó yọ fúláàsì, ó bu tíì fún mi, ó sì gba bísíkíìtì náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni pé òun gan-an ni onílé. Àwa méjèèjì jókòó, à ń jẹ ẹ́. Ibi tí mo ti gbójú sókè nìyẹn.

Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ pé òkè ni ilẹ̀ tó ga ju àyíká rẹ̀ lọ. Kò sí nínú ìwé wa pé bí o bá dé orí rẹ̀, ìlú tó ń dùn ọ́ lọ́kàn á kéré bí ilé ìṣeré ọmọdé. Mo rí ihò èéfín ilé ìfọṣọ wa, kò ju ìka lọ. Òjìji ìkùukùu ń rìn lórí koríko, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì rẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn wọ inú kóòtù mi láti ìsàlẹ̀, ó jáde lọ́rùn. Inú mi dùn. Mo sọ fún yín, inú mi dùn débi pé ó bà mí lẹ́rù.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo rántí màmá mi. Ọwọ́ ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n á ti tẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Akẹ̀sán, wọ́n á máa tẹ̀, wọ́n á máa nà, orúnkún wọn tó ń ro wọ́n á máa dún. Bí mo bá jẹ ẹran níhìn-ín, mo lè wí pé lọ́jọ́ kan n ó ra ẹran fún wọn. Bí mo bá ra bàtà, mo lè ra tiwọn, kí n fi ránṣẹ́. Atẹ́gùn orí òkè ńkọ́? Inú àpò wo ni n ó dì í sí? Ta ni n ó fi rán? Tíì náà bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n mo mu ún tán. Mo sì padà lọ ní Sátidé kejì.

Nígbà tí ìgbà òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, Dẹ́rẹ́ẹ̀kì gbé ohun tuntun kan dé: kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún òkè. Mo mọ kẹ̀kẹ́ dáadáa o. Kẹ̀kẹ́ dúdú bàbá mi ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, mo sì fi eyín mi kan san owó ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Táyà rẹ̀ sanra, ó ní eyín bíi ti katakata. Jíà rẹ̀ pọ̀ ju ti ọkọ̀ akẹ́rù lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì nà gbalaja bí ìwo màlúù Fúlàní. Ọ̀rẹ́ Dẹ́rẹ́ẹ̀kì kan fi ògbólógbòó tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò mọ èyí tí mo gùn jù, kẹ̀kẹ́ ni tàbí ilẹ̀. Mo ṣubú sínú ẹ̀gún, mo ṣubú sínú ẹrẹ̀, mo ṣubú lé àgùntàn kan tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

"Yé di bíréèkì mú!" Dẹ́rẹ́ẹ̀kì ń pariwo lókè.

"Kí ni kí n wá dì mú?"

Ó pẹ́ kí n tó gun ojú ọ̀nà olókùúta tó wà lẹ́yìn ìlú láìsọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gùn ún dópin, èémí mi ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, mo gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè orí mi, mo sì hó. Àwọn arúgbó méjì tí wọ́n ń kọjá pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, arúgbó mìíràn tó ń gòkè bọ̀ bi mí pé, "Ṣé atẹ́gùn pọ̀ lókè lọ́hùn-ún?"

Mo ronú sí ìbéèrè yẹn gan-an. Ní ìsàlẹ̀, nínú ìlú, ohun tí gbogbo wọn ń bi mí kò ju ibi tí mo ti wá, àti ìgbà tí n ó padà. Lórí òkè, bóyá atẹ́gùn pọ̀ ni wọ́n ń bi mí, nítorí pé mo ti débẹ̀, àwọn kò tíì dé. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ò lè mọ bí irú ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé àlejò dúró ṣánṣán. Ojú kan náà sì ni àgùntàn fi ń wo gbogbo wa.

Àdùkẹ́, àbúrò mi, wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Onílé wọn, Bàbá Díákónì, jẹ́ àgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì ní tẹlifóònù. Inú pálọ̀ ni tẹlifóònù náà wà, wọ́n fi aṣọ olódòdó bò ó bí ọmọ tuntun. Ní Sọ́ńdè tó bẹ̀rẹ̀ oṣù, màmá mi á wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó títí yóò fi dún. Aládùúrà ni màmá mi, aláṣọ funfun paraku. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀rọ̀ ìjọ kì í sì í tán láàárín àwọn àti Bàbá Díákónì.

"Bàbá mi!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pè mí. "Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

"Ṣé ò ń jẹun? Ohùn rẹ ti tín-ín-rín."

"Wáyà ló tín-ín-rín, mà."

"Sátidé ńkọ́? Tí o ò bá sí níbi iṣẹ́, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń gun òkè, mà."

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Mo rò pé wáyà ti já.

"Òkè?"

"Òkè pọ̀ níbí, mà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gùn ún. Sátidé Sátidé ni."

"Sátidé Sátidé!" Ohùn wọn ti yí padà, ó ti di ohùn tí wọ́n fi ń dáhùn àmín.

"Kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó, mà. A kàn ń gùn ún ni."

"Ẹ kàn ń gùn ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wà lórí ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. A ó wo ilẹ̀, a ó mu tíì, a ó sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí ìyá ń rín nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá fi ẹ̀bùn pamọ́ sẹ́yìn. "Ó tó. Mo ti gbọ́. Má sọ ọ́ mọ́. Jésù náà ní ká ti ilẹ̀kùn ká tó gbàdúrà."

"Màmá, ẹ gbọ́ mi..."

Ohùn Bàbá Díákónì ti wọlé láti ẹ̀yìn. "Kí ló wí?"

"Ó ní tíì lòun ń mu lórí òkè!"

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ náà nítìjú," Bàbá Díákónì wí. "Ìtìjú dára lára ọ̀dọ́."

Kí ni kí n ṣe? Mo ti sọ òótọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ní ibi tí a ti wá, ẹnikẹ́ni kì í fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ gun òkè nítorí kó lè sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá sọ pé mo ń fò, ì bá yá wọn lára láti gbà.

Nígbà tí mo tún pè, iṣẹ́ ti wà fún mi. Bàbá Kápẹ́ńtà nínú ìjọ wọn, ojú ń dùn ún. Awakọ̀ kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ kí ọ̀gá òun fa ọkọ̀ lé òun lọ́wọ́. Kí n bá wọn gbé e dé òkè. "Òkè tìrẹ ga ju tiwa lọ," màmá mi wí, bí ẹni pé ọ̀nà tó kù dé ọ̀run kéré lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Àdùkẹ́ ti tún lóyún."

Oyún ti bàjẹ́ lára Àdùkẹ́ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn, mo wà nílé, èmi ni mo gbé e dìde nílẹ̀.

"O gbọ́? Èyí gan-an ni kó o máa gbé lọ. Àwọn tó kù, tó bá rẹ̀ ọ́, fi wọ́n sílẹ̀."

"Mo gbọ́, mà."

Láti ọjọ́ náà ni òkè ti wúwo. Bí a bá ti dé góńgó, n ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó kọjú sí gúúsù, n ó máa dárúkọ wọn: Àdùkẹ́, Bàbá Kápẹ́ńtà, awakọ̀. Dẹ́rẹ́ẹ̀kì rò pé èémí ni mò ń kó jọ. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo dà bí ẹni tó wọ aṣọ wòlíì lọ sí òde ijó, tí wọ́n ń kí i káàkiri. Bí mo bá gbàdúrà tán, kẹ̀kẹ́ á máa dùn mọ́ mi. Bí ó bá dùn mọ́ mi, ojú á tì mí. Mo wá ń gbìyànjú kí n má gbádùn rẹ̀ jù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kí ẹ máa já ṣòòròṣò bọ̀ láti orí òkè, kí atẹ́gùn máa fẹ́ yín lẹ́nu, kí ẹ sì bojú jẹ́.

Ní ìgbà kan tí mo pè, Àdùkẹ́ ló kọ́kọ́ gbé e, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń gun òkè."

"Òkè wo?"

"Òkè tí ìjọ wọn ń lò, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo Sátidé. Wọ́n ní lákòókò tí ẹ bá wà lórí tiyín làwọn náà fẹ́ wà lórí tàwọn, kí àdúrà méjèèjì lè pàdé. Wọ́n ti ń pa ọjà tì. Pẹ̀lú orúnkún yẹn, Bọ̀dá mi! Ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà débẹ̀."

Mo wo bàtà eléyín mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ òkè lára rẹ̀. Mo ní kó gbé tẹlifóònù fún wọn.

"Màmá, ẹ má gun òkè mọ́. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Ìgbádùn ni mò ń bá lọ. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn, mà! Bí mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ Bàbá nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ máa ń fi ìgbálẹ̀ lé mi."

"Mo mọ̀ pé Àdùkẹ́ ló lọ bá ọ sọ̀rọ̀ orúnkún mi. Nítorí kí n lè jókòó sílé lo ṣe ń ba ara rẹ jẹ́ báyìí. Ọmọ dáadáa ni ọ́."

"Kẹ̀kẹ́ ni, mà!"

"Ọlọ́run á wà nínú kẹ̀kẹ́ náà."

Ní Sátidé kan, oòrùn là. Ẹni tó bá ti gbé níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Òjò ti rọ̀ títí, lójijì ni gbogbo òkè wá ń dán bí ewé tí wọ́n fọ̀. Dẹ́rẹ́ẹ̀kì ní ká gba ọ̀nà tuntun kan, èyí tó gun ẹ̀yìn òkè lọ bí ẹ̀yìn ẹṣin. A gùn ún láti òwúrọ̀. A kò jẹun. Nígbà tí a wá kọrí sí ìsàlẹ̀, mo tú bíréèkì sílẹ̀ pátápátá, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Òkúta ń fò, odi ń sáré kọjá, mò ń ké bí ọmọ kékeré, ní Yorùbá, pé kí wọ́n yà fún mi, pé mò ń bọ̀! Ní ìsàlẹ̀ pátá, táyà iwájú wọ inú àbàtà, mo fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo balẹ̀ sínú omi dúdú, kẹ̀kẹ́ sì wá jókòó sí mi lọ́rùn. Dẹ́rẹ́ẹ̀kì kò lè ràn mí lọ́wọ́, ẹ̀rín ń pa á. Èmi náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.

Inú ilé ìwẹ̀ ni mo wà, tí mò ń bó ẹrẹ̀ kúrò ní etí, kí n tó rántí. N kò dárúkọ Àdùkẹ́. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Ògbómọ̀ṣọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Sọ́ńdè tí mo máa ń pè. Bàbá Díákónì ló gbé e, ó sì ń pariwo. "Ẹ kú oríire! Obìnrin ni! Àtìyá àtọmọ, koko lara wọn le!" Ó gbé e fún màmá mi. Wọ́n ń sunkún.

"Bàbá mi, àná ni. Ọwọ́ ọ̀sán. Orí òkè ni mo wà nígbà tí ara mi dédé fúyẹ́. Mo wí fún wọn pé, ẹ dákẹ́, ọmọ mi ń gbàdúrà lọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ! Ò ń ké kíkankíkan. Àbí o ò ké?"

Ẹ gbà mí. Kí ni kí n sọ? Mo ké lóòótọ́.

"Mo ké, mà," ni mo wí.

"Mo mọ̀! Àdúràgbà la ó sọ ọmọ náà."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, mà?"

"Ẹsẹ̀ mi? Ó kàn ń ro mí díẹ̀ ni. Fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, ọmọ là ń wí."

Ẹ wò ó bí mo ṣe wá wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ kan ń jẹ́ Àdúràgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́nu tẹlifóònù kó lè bú yẹ̀ẹ́ fún mi, omi dúdú ni mo máa ń rántí, àti kẹ̀kẹ́ lọ́rùn mi. N kò jáwọ́ nínú òkè. Ṣùgbọ́n n kò tún tú bíréèkì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo padà wálé láti kí wọn, ọmọ náà ti ń rìn, ó ti ń jà. Ohun tí mo gbé bọ̀ ni ìlú fi ṣe ẹ̀rín. Àwọn tí wọ́n lọ ṣáájú mi gbé mọ́tò bọ̀. Mo sọ kẹ̀kẹ́ òkè mi kalẹ̀ lórí ọkọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìyá Sídí tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wa yí i po, ó tẹ táyà rẹ̀ wò.

"Dókítà, mọ́tò dà?"

"Èyí ni mo gbé bọ̀, mà."

Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ìdajì rẹ̀ nìyí. Ìdajì kejì ṣì wà lójú omi."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá mi jókòó lórí àpótí, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi, wọn kò dìde. Mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo gbójú, mo rí ọ̀pá tó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àdùkẹ́ ló sọ ọ́ fún mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí wọ́n bí Àdúràgbà ni. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, àpáta ń yọ̀. Ó ti dá Màmá lójú pé ọmọ ti dé, wọ́n ń sáré sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ kí wọ́n lè wọkọ̀ wá wò ó, ẹsẹ̀ lásán, orúnkún sì yí padà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀pá ni wọ́n wà. Wọn kò sì tún fojú kan orí òkè mọ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí yín. Wọ́n ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní lè gbàdúrà dáadáa."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan nítòsí Akẹ̀sán. Mo ní kó jó káríà irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kó fẹ̀, kó lágbára, kí n fi tìmùtìmù sí i. Ọkùnrin náà wo jíà, ó wò mí. "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ rù?" Mo ní màmá mi ni. Nígbà tó jó o tán, ó tún un jó lẹ́ẹ̀kejì kó lè nípọn.

Ní Sátidé, ọkọ̀ gbé wa dé ẹsẹ̀ òkè náà. Jídé, ọkọ Àdùkẹ́, tẹ̀ lé wa láti ràn mí lọ́wọ́. Onítẹ̀bọmi ni, ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀ náà kì í tán. Màmá wo kẹ̀kẹ́. Mo ti bọ́ bàtà, mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n máa takú sí.

"Táyà kì í ṣe bàtà," wọ́n wí, wọ́n sì nawọ́ kí n gbé wọn.

Èmi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú níwájú, Jídé ń ti ẹ̀yìn. Ìjọ ti gé ọ̀nà síbẹ̀, ṣùgbọ́n àpáta pọ̀, ó sì ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Màmá mú ejìká mi, gèlè funfun wọn ti wọ́ sẹ́yìn.

"Màmá," Jídé ń mí hẹlẹ, "ilẹ̀ pẹrẹsẹ làwa ti ń gbàdúrà, Ọlọ́run sì ń gbọ́."

"Tiyín létí gígùn. Tèmi, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń gbé nítòsí. Tì í!"

Nígbà tí a dókè, Jídé jókòó sábẹ́ igi, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé Màmá sórí òkúta pẹlẹbẹ kan. Ìsàlẹ̀ wa ni Ọ̀yọ́ wà, òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ súà. Lápá kejì, ọkọ̀ akẹ́rù ń fà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò tóbi ju kòkòrò lọ. Atẹ́gùn gba abẹ́ aṣọ funfun wọn, ó gbé etí rẹ̀. Mo dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọn kò bẹ̀rẹ̀.

"Màmá," ni mo wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bí Àdúràgbà, n kò gbàdúrà. Mo gbàgbé. Kẹ̀kẹ́ yìí ni mò ń gùn. Ariwo ayọ̀ ni mò ń pa."

Wọn kò yíjú sí mi. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n wò ó láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ dé Akẹ̀sán, wọ́n tún dá ojú padà, bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún tó bàjẹ́ náà, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á.

"Gbogbo ìgbà tí mò ń wá síbí," wọ́n wí níkẹyìn, "mo máa ń dijú ni. N kò wò ó rí."

Mo jókòó tì wọ́n lórí òkúta náà.

"O ní ẹ ó wo ilẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"A ó mu tíì, mà."

Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n wo ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n wo káríà tí wẹ́dà jó lẹ́ẹ̀mejì, tìmùtìmù nìkan ló wà lórí rẹ̀. Èmi tí mo ra bísíkíìtì fún àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

"Tíì dà?"